Ta Ló Nilẹ̀ Yìí? Bí Mo Ṣe Wá Ibùdó fún Àwọn Ọmọ Síkáòtù ní Èkìtì

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn tí ẹ ń bi mí bóyá lóòótọ́ ni wọ́n fi àdá lé mi ní Èkìtì, bẹ́ẹ̀ ni, lóòótọ́ ni. Ẹ̀bi mi sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èmi tí mo rin ìrìn náà sọ ọ́ bó ṣe rí, torí èyí tí mo ń gbọ́ kiri àdúgbò ti yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ojú mi rí.

Kí n tó gbéra

Tíṣà ni mí, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, èmi ni mo sì ń darí ẹgbẹ́ síkáòtù ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ọmọkùnrin mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀, ọmọbìnrin mọ́kànlá. Lọ́dọọdún, tí iléèwé bá ti gba ìsinmi, a máa ń sọ pé a ń lọ sí ibùdó, àmọ́ ibùdó náà kò ju kíláàsì méjì lọ lẹ́yìn ìlú. Àwọn ọmọkùnrin á tẹ́ ẹní síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn ọmọbìnrin á gbé oúnjẹ wá fún wọn láàárọ̀, wọ́n á fọ àwo, wọ́n á sì padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọbìnrin yìí ló mọ okùn ta jù nínú ẹgbẹ́, àwọn ló sì ń dáná nínú òjò tí iná kì í kú.

Lọ́dún yìí mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo ní gbogbo wa là ń lọ, inú igbó gidi là ń lọ, abẹ́ àgọ́ la ó sì sùn. Alága ìgbìmọ̀ wa kò fẹ́. Àgbà ni wọ́n, n óò sì máa pè wọ́n ní “wọ́n” títí ọ̀rọ̀ yìí á fi parí, torí ẹ̀kọ́ ilé, kì í ṣe torí pé inú mi dùn sí wọn. Wọ́n ní ọmọbìnrin kì í sùn nínú igbó. Nígbà tí mo yarí, wọ́n ní ó dáa, kí n wá ilẹ̀ tó dáa, kí ẹni tó nilẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà wá, kí n sì gbé ìwé náà wá síwájú ìgbìmọ̀ ní ọ̀sán Sátidé tó ń bọ̀. Bí n kò bá rí i, kíláàsì ni, àwọn ọmọbìnrin á sì jókòó sílé. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ kò tó.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìkẹ́rẹ́ tí a jọ kọ́ṣẹ́ tíṣà nígbà èwe, Dúpẹ́. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń sọ fún mi pé ilẹ̀ tó dáa fún àgọ́ pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ àwọn. Nígbà tí mo dárúkọ Èkìtì, Alága rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní àpáta ni gbogbo Èkìtì, ibo ni mo fẹ́ kan èèkàn àgọ́ sí. Mo ní èèkàn á wọlẹ̀. Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo sì lọ.

Ìkẹ́rẹ́

Kí ènìyàn tó rí ilé kan ní Ìkẹ́rẹ́, yóò ti rí àpáta. Àwọn òkè náà dúdú, orí wọn pá, wọ́n dúró sẹ́yìn ilé àwọn ènìyàn bí ẹni pé wọ́n jọ san owó ilé ni. Mo wò wọ́n, mo rántí ẹ̀rín Alága, inú mi sì bà jẹ́ díẹ̀. N kò jẹ́ kó hàn lójú mi.

Ọlọ́kadà tó gbé mi dé ilé Dúpẹ́ kò ju ọmọ mi kejì lọ. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Ìwọ lo wá kí Tíṣà Dúpẹ́?” Ìwọ. Èmi tí mo ti ní ewú lórí. Mo gun ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, mo sì fi ìbínú náà sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà rọra wakọ̀, ó gbé báàgì mi dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún Dúpẹ́ kó tó lọ. N kò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí.

Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, odó ló jí mi. Dúpẹ́ gbé iyán síwájú mi, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí olú àti ẹran ìgbẹ́ kún inú rẹ̀. Uyán ni wọ́n ń pè é, uṣu ni wọ́n sì fi gún un, torí ohun tí àwa ń fi “i” pè, “u” ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo béèrè bóyá ẹ̀kọ gbígbóná wà. Dúpẹ́ bi mí bóyá ara mi kò yá. Mo bá jẹ iyán. Kí n má parọ́, mo tún bù kún un.

Ibi tí a ti ń jẹun ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti wọlé, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó kúnlẹ̀, ó kí wa, ó wá sọ fún ìyá rẹ̀ àgbà pé, “O ti gbàgbé oògùn rẹ o.” Iṣẹ́ tíṣà ti wọ̀ mí lẹ́wù. Mo ní kí ọmọ náà tún un sọ dáadáa, kó sọ pé “ẹ ti gbàgbé oògùn yín,” torí a kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ ẹni. Ọmọ náà wo ojú mi, ó wo ojú ìyá rẹ̀ àgbà, kò mọ ohun tó ṣe.

Dúpẹ́ ní kó máa lọ. Ó wá yíjú sí mi, kò sì rẹ́rìn-ín. “Kò bú mi,” ó ní. “Ẹni kan ni mí. Bó bá ní ‘ẹ’, ta ni ìkejì mi?” Ó ní lẹ́nu tiwọn, èrò ni wọ́n ń fi “ẹ” kí. Ẹni tó bá dá wà, bó ti wù kó dàgbà tó, “ìwọ” ni. Ìkúnlẹ̀ ọmọ náà ni ọ̀wọ̀, ohùn rẹ̀ ni ọ̀wọ̀, kì í ṣe kí a ka ẹni kan sí méjì. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n ní Ìsẹ́yìn, bí mo bá pe àgbà ní “ìwọ”, wọ́n á béèrè ẹni tó bí mi. Mo ní n kò ní torí ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́rin ba ẹnu mi jẹ́. Dúpẹ́ ní kò burú, ẹnu mi ni.

Ìlawẹ̀ àti Ìgbàrà-Odò

Ilẹ̀ tí èmi àti Dúpẹ́ kọ́kọ́ wò wà lẹ́yìn Ìlawẹ̀. Ó rẹwà débi pé mo fẹ́ jókòó síbẹ̀ kí n má dìde mọ́. Koríko kúkurú, odò lẹ́gbẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹni tó mú wa lọ ti ń kí wa kú oríire. Mo wá wo ara igi tó wà létí odò, mo rí ẹrẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀, ó ga dé àyà mi. Ibi tí odò bá ti gun igi lọ́dún tó kọjá, yóò tún gùn ún lọ́dún yìí. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ẹni náà ní odò náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ní kó kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ tirẹ̀ wá sùn síbẹ̀ ná.

Ní Ìgbàrà-Odò, oko kòkó ni. Àwọn tó ni oko náà ṣe wá lálejò débi tó ń dẹ́rù bani. A kò tíì sọ ohun tí a bá wá tí wọ́n ti gbé uyán kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ wọn pé jọ yí mi ká. Mo sọ “ilé”, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sọ “igi”, wọ́n di ara wọn mú. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá láti ìgbà tí a kò tíì bí ìyá wọn, èmi ni àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ń fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ara ta mí gan-an ni. Mo tún “igi” sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ilẹ̀ náà kò dáa. Igi ńlá kan wà láàárín rẹ̀ tó ti kú lórí ìdúró, ẹ̀ka gbígbẹ sì wà lókè ibi tí a ó pa àgọ́ sí. Bàbá tó ni oko ní láti kékeré òun ni igi náà ti wà bẹ́ẹ̀. Mo ní ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà, n kò sì tíì rí ilẹ̀ kankan. Ní ìrọ̀lẹ́, Alága pè mí lórí fóònù, wọ́n béèrè bóyá àpáta náà ti rọ̀. Mo ní ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Láàárín Ìsẹ̀ àti Èmùré

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ Dúpẹ́ wú, kò lè bá mi lọ. Ó júwe ọ̀nà fún mi, ó ní kí n béèrè Bàbá Fálànà, àgbẹ̀ kan tó ń gbé láàárín Ìsẹ̀ àti Èmùré. Mo dá lọ.

Bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà ni mo ti mọ̀ pé òun ni. Ó ga díẹ̀ sí odò, omi kò lè gùn ún. Kò sí igi gbígbẹ lókè, kò sí ọ̀nà ìjàlọ, òkìtì ọ̀gán kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọ á sùn. Igi ìdáná wà. Mo tẹ gìgísẹ̀ mi mọ́lẹ̀, ó rì. Mo rẹ́rìn-ín níbi tí mo dá dúró sí.

Ìyá arúgbó kan ń ro ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí ilẹ̀ náà. Mo kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́ o, wọ́n dáhùn, mo sì kọjá lọ bá Bàbá Fálànà tí wọ́n jókòó lábẹ́ ìbòòji. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn dáadáa, mo sọ ohun tí mo bá wá. Mo wá béèrè ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ ní kí n béèrè.

“Bàbá, ṣé ilẹ̀ yín ni?”

“Ulẹ̀ ria ni,” wọ́n dáhùn.

N kò gbọ́ “ria” rí. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń pe “mi” lápá ibẹ̀ nìyẹn. Ó yẹ kí n béèrè, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rín àwọn ọmọ Ìgbàrà-Odò ṣì wà lọ́kàn mi, n kò sì fẹ́ kí bàbá náà mọ̀ pé tíṣà Yorùbá kò gbọ́ Yorùbá. Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́. Mo ní ṣé ẹ lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa fún ọjọ́ mẹ́rin? Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní ní tàwọn o, kò sí ìjà níbẹ̀. Mo dúpẹ́ títí. Mo pe Alága ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo ní mo ti rí ilẹ̀, ẹni tó nilẹ̀ sì ti gbà. Wọn kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí n má gbàgbé ìwé. Ẹ̀rín tí wọn kò rín yẹn dùn mọ́ mi ju gbogbo oúnjẹ Èkìtì lọ.

Àdá

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, mo padà lọ pẹ̀lú ìwé, okùn ìwọ̀n àti èèkàn mẹ́jọ. Kí n tó wá Bàbá Fálànà lọ, mo ní kí n kọ́kọ́ wọn ibi tí àgọ́ máa wà. Mo kan èèkàn àkọ́kọ́, ó wọlé dé ọrùn. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Alága láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Mo kan méje tó kù.

Ìgbà tí mo máa yíjú padà, ìyá tó ń ro ọ̀gẹ̀dẹ̀ lánàá ti dé. Wọ́n kéré, wọ́n á ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún, àdá sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa èèkàn mi tu lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò wọ́n jọ sí ojú kan. Mo ní, “Ìyá, kí lẹ ń ṣe? Ẹni tó nilẹ̀ ti fún mi.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò yẹ kí n sọ. Wọ́n kọjú àdá sí mi, mo sì sá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé mo rọra rìn. Mo sá yí òkìtì ọ̀gán ká lẹ́ẹ̀mejì, ìyá ọgọ́rin ọdún náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi.

Ariwo mi ló pe Bàbá Fálànà jáde. Wọ́n bẹ ìyá náà, wọ́n ń pè wọ́n ní Iye, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá lápá ibẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ni, àwọn méjèèjì ni bàbá wọn fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún. Mo yíjú sí bàbá, mo ní ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ilẹ̀ yín ni? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn sọ ọ́: ilẹ̀ wa ni.

Ria ni “wa”. Mo béèrè “yín” lọ́wọ́ ẹni kan, wọ́n gbọ́ ọ bí ẹni méjì, wọ́n sì dáhùn fún ẹni méjì. Wọ́n ní ní tàwọn kò sí ìjà. Tiwọn ni wọ́n fún mi. Ti ìkejì, èmi ni mo fún ara mi.

Síbẹ̀, orí kunkun kò jẹ́ kí n tètè gbà. Mo ní bàbá ni wọ́n ní kí n béèrè, bàbá ni mo sì béèrè lọ́wọ́ wọn. Iye fi àdá náà lélẹ̀ kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

“Ọkùnrin lo wá,” wọ́n ní. “Ogún ọdún ni àbúrò mi fi wà l’Ékòó. Ta ló ń ro ulẹ̀ yí? Àná o rí mi lẹ́nu uṣẹ́. O kí mi, o kọjá. O rò pé alágbàro ni mí.”

Òótọ́ ni. Ohun tí mo rò gan-an nìyẹn. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ilẹ̀, n kò lè wo òkè. Mo ti bínú láti Ìsẹ́yìn dé Èkìtì torí pé Alága ń kọjá lára àwọn ọmọbìnrin mi bí ẹni tí kò rí wọn, mo sì dé Èkìtì, mo kọjá lára obìnrin tó nilẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Iye, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbà kí…”

“Ta ni ‘ẹ’?” wọ́n ní. “Àbúrò mi ti sọ tirẹ̀. Èmi ni o kò tíì bi léèrè. Bi èmi.”

Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹnu mi kọ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, n kò pe àgbàlagbà ní “ìwọ” rí láyé mi, kódà nígbà tí inú bá ń bí mi. Mo wo ẹ̀yìn mi, bí ẹni pé ará Ìsẹ́yìn kan lè yọ láti inú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo rántí àwọn ọmọbìnrin mọ́kànlá.

“Iye,” mo ní, “ulẹ̀ rẹ ni. Ṣé o gbà kí àwọn ọmọ mi sùn níbẹ̀?”

Wọ́n jókòó. Wọ́n béèrè iye ọmọ tí mo ní, mo sọ ọ́. Wọ́n béèrè iye obìnrin inú wọn, mo ní mọ́kànlá. Wọ́n ní ṣé àwọn náà á sùn nínú ugbó? Mo ní ohun tí mo ń wá kiri nìyẹn, pé ẹnì kan ní ilé wa sọ pé ọmọbìnrin kì í sùn nínú igbó. Wọ́n ní ṣé ọkùnrin ni ẹni náà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní àwọn ti ń sùn nínú ahéré àwọn níbí láti ìgbà tí ọkọ àwọn ti kú, ejò ibẹ̀ sì mọ ẹni tó nilẹ̀.

“Mo gbà,” wọ́n ní. “Kí àwọn obìnrin gba òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré mi. Ibẹ̀ ló gbẹ jù. Kí àwọn ọkùnrin lọ sí ìsàlẹ̀.”

Wọ́n tẹ àtàńpàkò wọn sí orí ìwé náà. Bàbá Fálànà fọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Iye wá sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, àdá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. N kò jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, bóyá torí pé mo ṣì wà láàyè láti jẹ ẹ́.

Ìsẹ́yìn

Ọ̀sán Sátidé ni mo gbé ìwé náà síwájú ìgbìmọ̀. Alága wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Wọ́n ní àtàńpàkò obìnrin ni àwọn rí lókè, ọkùnrin ilé náà dà? Mo fi orúkọ Bàbá Fálànà hàn wọ́n nísàlẹ̀. Wọ́n ní kò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n dá ìwé náà padà, kí ọkùnrin fọwọ́ sí òkè, kí obìnrin wá sísàlẹ̀, ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ á tó gbà á.

Mo dìde. Mo ní, “Bàbá, ẹni tó nilẹ̀ ló tẹ àtàńpàkò síbẹ̀. N kò dá ìwé kankan padà.” Wọ́n ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn á kó àwọn ọmọkùnrin lọ sí kíláàsì bí a ti ń ṣe é. Mo ní kò burú, kí wọ́n kó wọn lọ. Èmi ń kó àwọn ọmọbìnrin lọ sí Èkìtì ní Ọjọ́rú, òbí tí kò bá sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ, kó wá sọ fún mi lójú mi, kó má rán ìgbìmọ̀ sí mi.

Ìyá mẹ́sàn-án ló wá sílé mi lọ́jọ́ Àìkú àti Ọjọ́ Ajé. Mo rò pé ìjà ni wọ́n bá wá. Ohun tí wọ́n wá béèrè ni irú aṣọ òtútù tí ọmọ máa nílò, àti bóyá Iye yẹn wà lóòótọ́. Mo ní ó wà. Ọ̀kan nínú wọn kó àkàrà òyìnbó wá, ó ní kí n bá òun fún un.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, àwọn ọmọbìnrin mọ́kànlá ló pé, kò ku ẹnì kan. Wọ́n to ẹrù wọn sínú ọkọ̀, wọ́n jókòó síwájú. Mo ń ka orúkọ wọn lọ́wọ́ nígbà tí mo gbójú sókè, tí mo rí àwọn ọmọkùnrin àti àwọn òbí wọn tí wọ́n ń bọ̀ látọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹní lábẹ́ apá, gbogbo àwọn mẹ́rìndínlógún. Wọ́n tò lẹ́yìn ọkọ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n dúró síbẹ̀ kí ó lè dùn wọ́n díẹ̀. Mo wá ní kí wọ́n wọlé, pé àyè ṣì wà lẹ́yìn.